Ẹni Tó Lè Bú Ọ̀gá Kapembwa

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ó ti rẹ Mailesi Nzima tẹnutẹnu. Kò tíì bọ́jú, àwọn ọmọbìnrin ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ní inú ń run òun, èkejì ní ẹnìkan jí iyọ̀ òun nínú ahéré tí wọ́n jọ háyà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Mupundu kò ní ibùgbé fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ilé wọn jìn máa ń háyà ahéré létí ọgbà, wọn á máa fúnra wọn ro nshima, ìyẹn ọkà àgbàdo, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, bí iyọ̀ bá sì ti sọnù, ẹnu ọ̀nà Màdáámù ni ẹjọ́ ń bọ̀. Òun ló ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì, òun ló ń kọ́ni ní ètò ìjọba, òun ló ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù, òun náà ló tún ń darí ẹgbẹ́ akọrin tí kò sí ẹni tó lóhùn nínú wọn. Bí ẹ bá bi í pé èwo ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, á ní oorun ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kò láàánú ẹnikẹ́ni. Níbi tí tíṣà bá pọ̀ sí, bí ara kan ò bá yá, ẹlòmíràn á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Mupundu, bí o bá kàn sín, odindi kíláàsì ló máa jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Ìṣirò ńkọ́? Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, Ọ̀gá Kapembwa, nìkan ló ń kọ́ ọ, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Òun àti àwọn òbí ni wọ́n jọ fẹsẹ̀ po amọ̀, tí wọ́n jọ sun bíríkì, tí wọ́n jọ gbé òpó òrùlé. Kò sí ògiri kan nínú ọgbà náà tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìdílé kan ládùúgbò tí kò kọ́ ọmọ wọn ní ìsọdipúpọ̀.

Ará Bemba ni Ọ̀gá Kapembwa. Ará Ngoni ni Mailesi, láti apá ìlà-oòrùn. Láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀yà méjèèjì pa ara wọn títí ó fi sú wọn. Nígbà tó sú wọn, wọ́n sọ ogun di ẹ̀fẹ̀. Láti ìgbà náà ni Bemba àti Ngoni ti di kọ́sìn, èébú kò sì sí láàárín kọ́sìn. Ngoni lè bú Bemba lójú ọjà, ó lè bú u níbi ìgbéyàwó, ó lè bú u lẹ́bàá pósí bàbá rẹ̀, kí ẹni tí wọ́n bú kàn wá èsì ni. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Ngoni á ní ọ̀bọ ni Bemba ń jẹ, Bemba á ní èkúté ni oúnjẹ Ngoni.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ọgbà Mupundu, ẹnìkan ṣoṣo ló lè bú ọ̀gá àgbà, ọ̀gá sì fẹ́ràn èébú náà ju tíì òwúrọ̀ lọ.

“Ajọ̀bọ,” ni Mailesi máa ń kí i lẹ́nu géètì, “o tún jí? Mo ti rò pé àwọn ẹbí rẹ tó wà lórí igi ti wá mú ọ lọ.”

“Ajèkúté,” ni ọ̀gá á fèsì, “mo gbọ́ pé ológbò ilé-ẹ̀kọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní o ò jẹ́ kí òun rí nǹkan kan jẹ.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bú sẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ọjọ́ náà á sì bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀fẹ̀ yìí ló gbé Mailesi ró ní Mupundu. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀bá ilé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bí kò bá sí ẹni tó ń pè é ní ajèkúté láràárọ̀, bóyá ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀.

Ìgbà òtútù ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Láti ojú fèrèsé kíláàsì rẹ̀, Mailesi rí ọ̀gá pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kejìlá nídìí igi mupundu ńlá tó wà láàárín ọgbà. Wọ́n mú okùn ìwọ̀n dání, wọ́n ń wọn òjìji igi náà lórí ilẹ̀, kí wọ́n lè fi ìṣirò mọ bí igi ṣe ga tó láìgun igi. Ó wù ú. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé bàbá yìí ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún rí wọn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ó rò pé àtúnyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe, nítorí ìdánwò àṣejáde kò jìnnà mọ́, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ju kó máa ro ti ẹlòmíràn lọ.

Kaluba ló là á lójú. Kaluba ni olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, ọmọ tó gùn gbọọrọ, tó máa ń bá a kó bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́yìn eré.

“Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan.”

“Bó bá jẹ́ ti iyọ̀ ni, mi ò fẹ́ gbọ́.”

“Kì í ṣe ti iyọ̀, mà. Ti Ọ̀gá ni.” Ọmọ náà wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. “Wọ́n ń kọ́ wa ní òjìji igi.”

“Mo rí yín.”

“Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń kọ́ wa, mà. Láti ìgbà tí òtútù ti dé. Wọ́n á wọlé, wọ́n á nu pátákó, wọ́n á ní, ‘Lónìí, ohun tuntun la máa bẹ̀rẹ̀.’ Wọ́n á sọ ìtàn ọkùnrin tó gun igi láti fi okùn wọ̀n ọ́n, tó jábọ́ sínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó jáde lọ síbi igi.”

Mailesi gbé bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ ò sì sọ fún wọn?”

“Háà! Màdáámù! A máa ń rẹ́rìn-ín ni. Níbi tí ọkùnrin yẹn ti jábọ́, gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín. A tún ti pín ẹni tó máa dáhùn láàárín ara wa. Tí èmi bá dáhùn lónìí, Chisala ló máa dáhùn lọ́la, á sì kọ́kọ́ ṣì í díẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé a ti mọ̀ ọ́n.”

“Ta ló kọ́ yín nírú ẹ̀?”

“Kò sẹ́nì kan, mà. Wọ́n kọ́ bàbá mi. Wọ́n kọ́ ìyá Chisala. Báwo la ṣe máa wí fún wọn?” Omijé ti ń bọ̀ lójú rẹ̀, ó sì ń bínú sí omijé náà. “Ṣùgbọ́n ìdánwò ń bọ̀ lóṣù kẹwàá, a ò tíì ka ìwé yẹn dé ìdajì. Tá a bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò, kò sílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó máa gbà mí. Ẹ̀yin ni kọ́sìn wọn, mà. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́.”

Mailesi ní òun ti gbọ́. Ó kó bọ́ọ̀lù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó nǹkan eré sí, ó sì jókòó sórí àpótí níta fún ìgbà díẹ̀. Àánú bàbá náà ṣe é, ó sì ń bínú. Ó bínú sí Kaluba tó gbé ẹrù náà wá fún un, ó bínú sí ọ̀gá, ó wá bínú sí ara rẹ̀ jù, nítorí ojú rẹ̀ ló ti rí wọn nídìí igi náà lójoojúmọ́.

Ó mú ọ̀rọ̀ lọ bá Sikota ní yàrá àwọn tíṣà. Ọ̀dọ́ ni Sikota, ará Lozi láti apá ìwọ̀-oòrùn, jọ́gíráfì ló ń kọ́ni, ó sì gbà pé gbogbo ìṣòro ayé ló ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń gbé e lọ. Kò tilẹ̀ ya Sikota lẹ́nu.

“Mo ti fura,” ó ní. “Ẹ sì wò ó, olùkọ́ ìṣirò kan wà ní ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́ nílùú báyìí, kò ní kíláàsì, ó kàn ń bá wọn to àga ni. Wọ́n á fún wa lọ́la bá a bá béèrè. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ọ̀gá àgbà ló gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ béèrè. Wọ́n tiẹ̀ ti pè é. Ó ní, ‘Èmi wà níbí, kí ni kí n fi òmíràn ṣe?’”

“Áà.”

“Ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn wọ́n, ká parí ẹ̀.”

“Tá a bá fẹjọ́ ẹ̀ sùn, wọ́n á gbé mọ́tò wá,” ni Mailesi wí. “Wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ bí ẹni bi olè. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Nínú ọgbà tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ po amọ̀ ẹ̀.”

“Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ fún un nígbà náà.” Sikota wò ó. “Tí èmi bá sọ ọ́, ìwọ̀sí ni. Ẹ̀yin ni kọ́sìn.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Bí ọ̀gá bá gbàgbé láti buwọ́ lu nǹkan, ẹ̀yin ni kọ́sìn. Bí aṣọ rẹ̀ bá ya lẹ́yìn, ẹ̀yin ni kọ́sìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu kàn, ẹnu Mailesi ni wọ́n ń gbé e sí, bí ẹni pé ẹnu náà kì í rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi, tí gbogbo wọn ń mu tíì yí ìkòkò èédú ká, ó mú ọkàn le. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ láti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ náà ló gbà.

“Ajọ̀bọ, gbọ́ mi. Orí rẹ ti ń jò bíi garawa. Ohun kan ṣoṣo lo ń kọ́ àwọn ọmọ yìí láti ìgbà òtútù, òjìji, òjìji, bí ẹni tí òjìji ara rẹ̀ ń lé. Pè wọ́n nílùú, kí wọ́n fún wa ní olùkọ́ ìṣirò tórí ẹ̀ pé.”

Ọ̀gá Kapembwa wò ó. Ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí tíì fi gba imú rẹ̀ jáde. “Garawa! Ẹ gbọ́ ajèkúté! Ẹ̀yin Ngoni, ẹ ò lè mọ ohun tó ń jẹ́ garawa jíjò, ọwọ́ lẹ fi ń bu omi mu lódò!” Ó fi aṣọ ìnujú nu ojú. “Garawa. Èyí dáa. Èyí dáa gan-an, kọ́sìn.”

Àwọn tíṣà tó kù rẹ́rìn-ín, nítorí bí kọ́sìn bá bú kọ́sìn, ẹ̀rín ni tèrò. Sikota náà rẹ́rìn-ín, ó wá dojú kọ ìgò ṣúgà. Mailesi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kí ni ì bá ṣe?

Ó burú jùyẹn lọ nígbà tó di ọjọ́ Ajé. Níbi ìpéjọ òwúrọ̀, lẹ́yìn orin orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ oníròyìn ti ka ìròyìn wọn pẹ̀lú ohùn gbígbọ̀n, ọ̀gá gorí pèpéle. “Ẹ̀yin ọmọ mi, kọ́sìn mi ní orí mi ti ń jò bíi garawa!” Ó na ọwọ́ sí Mailesi, ó ń retí ẹ̀rín wọn. Àwọn ọmọ kéékèèké rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n níbi tí kíláàsì kejìlá tò sí, ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Chisala ń fi bàtà ha yanrìn. Bí wọ́n ti tú ká, ọ̀gá mú okùn ìwọ̀n lórí tábìlì, ó kó wọn lọ sídìí igi.

Ìgbà yẹn ni Mailesi wá rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ló lè sọ ohun gbogbo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n gbà láyè láti sọ ohun gbogbo, kò sí ohun tó sọ tí í wúwo. Òtítọ́ korò, wọ́n ní, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ẹnu kọ́sìn jáde, ṣúgà ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé etí.

Síbẹ̀, ó tún gbìyànjú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń yin àgbàdo oko ilé-ẹ̀kọ́ lójúde. Àwọn ọmọ ń kọrin, wọ́n ń ju èèpo àgbàdo lu ara wọn, eruku ń gba afẹ́fẹ́. Ó lọ jókòó ti ọ̀gá lórí àpò.

“Mi ò ṣẹ̀fẹ̀ o,” ó ní jẹ́jẹ́. “Lóòótọ́ ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ kíláàsì kejìlá yìí, ó ń bà mí lẹ́rù.”

“Èmi náà ò ṣẹ̀fẹ̀,” ni ọ̀gá wí, ó ti ń rẹ́rìn-ín. “Èkúté tó bá jáde nínú àgbàdo yìí, ti ìjọba ni. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.” Ó wá yíjú sí Sikota tó ń gbé àpò kọjá. “Sikota, rán mi létí. Lọ́jọ́ Ajé, ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun pẹ̀lú kíláàsì kejìlá. Mo fẹ́ kó wọn jáde lọ síbi igi.”

Sikota ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó gbé àpò náà lọ, ó sì padà wá bá Mailesi nígbà tí ọ̀gá ti dìde. Ojú rẹ̀ le.

“Màdáámù, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, màá pè wọ́n nílùú fúnra mi. Àwọn ọmọ yìí ò lè fi ọjọ́ iwájú wọn ṣe ẹ̀fẹ̀.”

Mailesi kò bínú sí i. Òótọ́ ló sọ. Ó rìn lọ sílé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú eruku àgbàdo lára rẹ̀, ó ń rò ó. Ohun tó ń dá a dúró, ó ti mọ̀ ọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mu tíì yẹn: Ngoni kì í kúnlẹ̀ fún Bemba. Kò sí ẹni tó ṣe òfin náà, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. O lè kúnlẹ̀ fún àjòjì, o lè kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ. O kì í kúnlẹ̀ fún kọ́sìn. Ọjọ́ tí o bá kúnlẹ̀ fún un, o ti sọ fún un pé eré ti tán láàárín yín. Ìkúnlẹ̀ yẹn nìkan ṣoṣo sì ni ọ̀nà tó kù tí bàbá yìí fi lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wẹ̀, ó ró ìró chitenge tó máa ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti síbi òkú, ó so gèlè, ó sì kọjá pápá lọ sí ilé ọ̀gá àgbà.

Ọ̀gá Kapembwa àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kunda, jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pa ẹ̀pà sínú atẹ. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Bí ọ̀gá ti rí i lókèèrè ló ti pariwo.

“Ìyá Kunda, kó ẹ̀pà wọlé! Ngoni ti tún kógun dé! Wo bí wọ́n ti múra, wọ́n fẹ́ kó wa lẹ́rú!”

Mailesi rìn dé iwájú wọn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn pẹ̀lú orúnkún méjèèjì, ó tẹ orí ba, ó sì pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, bí obìnrin ti ń kí àgbà nílẹ̀ náà.

“Hẹ̀n-ẹ́n!” ni ọ̀gá wí. “Ebi yìí mà pọ̀ o. Ológbò wa kò sí nílé, lọ wo ẹ̀yìn ilé ìdáná.”

Ó tún pàtẹ́wọ́.

“Àbí o fẹ́ fi orúnkún wá ihò èkúté nínú yanrìn mi ni?” Ẹ̀rín kò tẹ̀ lé ìyẹn. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn. “Ajèkúté,” ó ní, “ajèkúté, o...” Kò rí ìyókù rẹ̀ sọ. Ìyá Kunda gbé atẹ sílẹ̀, ó nawọ́, ó sì pa rédíò.

“Dìde nílẹ̀,” ni ọ̀gá wí.

“Bàbá Kunda.”

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá Kapembwa fi ọwọ́ di apá àga mú.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, bàbá.”

“Má pè mí ní bàbá. Èmi kì í ṣe bàbá rẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Bàbá, láti ìgbà tí òtútù ti dé, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lẹ ti ń kọ́ kíláàsì kejìlá. Òjìji igi. Lójoojúmọ́ lẹ ń sọ fún wọn pé ohun tuntun ni. Ẹ gbàgbé ni, bàbá. Ẹ gbàgbé lójoojúmọ́.”

Mailesi retí kó bínú. Ì bá rọrùn fún un bó bá bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kàn yí orí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyá Kunda ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, èèpo ẹ̀pà kún inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ìyá Kunda?”

“Láàárọ̀ yìí,” ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ bíi ti ẹni tó ti gbé nǹkan wúwo láti ọ̀nà jíjìn, “ẹ bi mí bóyá Kunda ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Kunda ti bímọ méjì, Bàbá Kunda. Mo ní ó ti ṣe é.”

Adìyẹ kan wá ṣa ẹ̀pà tó bọ́ sílẹ̀, wọn ò lé e.

“O ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀,” ni ọ̀gá wí níkẹyìn. “Níbi tíì. O ní orí mi ń jò.”

“Mo sọ ọ́, bàbá.”

“Mo sì rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ rẹ́rìn-ín.”

“Mo tún gorí pèpéle, mo fi dá àwọn ọmọ lára yá.” Ó fi ọwọ́ bo ojú. “Àwọn ọmọ náà ti mọ̀?”

Ó wu Mailesi kó parọ́. Orúnkún ń dùn ún, ọkàn ń dùn ún jù ú lọ. Ó ní, “Wọ́n ti mọ̀. Wọ́n pín ẹni tó máa dáhùn láàárín ara wọn, kó má baà hàn sí yín. Wọn kò fẹ́ kí ojú tì yín.”

“Kaluba,” ó ní. “Kaluba tó máa ń yára nawọ́. Mo ti ń sọ fún Ìyá Kunda pé ọmọ yẹn, orí rẹ̀ pé.” Ó mú ẹ̀pà kan nínú atẹ, ó tún dá a padà. “Orí rẹ̀ pé lóòótọ́.”

Ìgbà náà ni Mailesi wá sọ fún un nípa olùkọ́ tó wà nílùú. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Kò bá a jiyàn rárá. “Lọ́jọ́ Ajé, màá pè wọ́n,” ó ní. “Ṣùgbọ́n wá dúró tì mí tí mo bá ń pè, kí n má baà gbàgbé ìdí tí mo fi pè.”

“Màá wá, bàbá.”

“Ó dáa.” Ó gbìyànjú láti jókòó dáadáa, ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. “Ó dáa, ó ti tán. Dìde wàyí. Dìde, kí o bú mi.”

Mailesi dìde. Yanrìn lẹ̀ mọ́ chitenge rẹ̀ lórúnkún. Ó la ẹnu. Gbogbo èébú tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ tó ti dé Mupundu, ọ̀bọ, igi, ìrù, kò sí èyí tó jáde nínú wọn.

“Bú mi, kọ́sìn,” ni ọ̀gá wí. “Ẹyọ kan péré.”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá,” ni Mailesi wí, ó sì fi etí gèlè nu omijé.

Ìyá Kunda bu ẹ̀pà sínú ìwé, ó dì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò tó fẹ́ máa lọ. Mailesi gbà á, ó sì dúpẹ́.

Olùkọ́ tuntun náà dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sáré sọ̀rọ̀, tí ṣọ́ọ̀kì máa ń kún irun rẹ̀. Kíláàsì kejìlá ṣí ìwé wọn sí ojú ewé tí wọn kò dé rí. Wọ́n ń jókòó títí oòrùn á fi wọ̀, Chisala ń ráhùn pé orí ń fọ́ òun, Kaluba ń ràn án lọ́wọ́, ó sì ń bú u. Ọ̀gá Kapembwa ṣì jẹ́ ọ̀gá àgbà. Ó ń bójú tó oko, ó ń bá àwọn ọmọ tó pẹ́ dé wí, kò sì sẹ́ni tó dójú tì í. Gbogbo ohun tí Mailesi kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀ pátá ló rí gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù ti ń lọ, ó pàdé ọ̀gá lẹ́nu géètì. Àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀. Láti ilé ló ti ń ro ohun tó máa sọ, ó ti kọ́ ọ lẹ́nu dáadáa, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Ajọ̀bọ! Kí lo wá dúró ṣe nílẹ̀? Ṣé igi ti kún ni?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yíjú sí ọ̀gá, wọ́n ń retí. Ọ̀gá Kapembwa wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ó ṣí fìlà lórí.

“Ẹ káàárọ̀ o, Màdáámù Nzima,” ó ní. “Ẹ ṣeun.”

Ó fa géètì sẹ́yìn, ó sì dúró ṣánṣán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí Mailesi lè kọ́kọ́ wọlé.